Ilé Wo Ni À Ń Wò? Orúkọ Ọmọbìnrin Láàrin Àwọn Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀ ní Venez-Voir

Òwe tí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn tí ń kọ̀wé lórí orúkọ Yorùbá ni èyí tí ó sọ pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí olùkọ́ bá ti pa á tán ní kíláàsì, àlàyé tí ó máa ń tẹ̀ lé e kì í yàtọ̀: ilé túmọ̀ sí ìran bàbá. Ìdílé ọba a máa fi Adé bẹ̀rẹ̀ orúkọ, ìdílé ọdẹ a máa lo Ọdẹ́, onílù a máa lo Àyàn, babaláwo a máa lo Ifá. Òótọ́ ni àlàyé yìí, ó sì ti ran ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ láti yege nínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n kò tó. Ohun tí a fẹ́ jiyàn lé lórí nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ilé tí ọmọ tuntun wá bá kì í ṣe ilé àwọn baba ńlá rẹ̀ nìkan. Ilé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni pẹ̀lú. Àìka àwọn ẹ̀gbọ́n wọ̀nyí kún ni àléébù tí a rí nínú púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí a ti ṣe lórí orúkọ, láti ìgbà Samuel Johnson títí di òní.

Kì í ṣe ìwé ni ó ta wá jí sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rẹ́ wa kan, ọmọ Ìbàdàn tí ó fẹ́ ọmọ Kétu, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé àdúgbò Venez-Voir ní ìlú Libreville, lórílẹ̀-èdè Gàbọ̀n, ni ó pè wá lórí fóònù ní ọjọ́ kẹta tí ìyàwó rẹ̀ bímọ. Obìnrin ni ọmọ náà. Ó ní, ‘Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ márùn-ún péré ni ó kù. Ẹ bá wa wá orúkọ tí yóò bá ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mu.’ A rẹ́rìn-ín nígbà náà, nítorí a rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ó gbà wá ní gbogbo ọjọ́ márààrún, kò sì tíì tán nínú wa. A ti pààrọ̀ orúkọ àwọn ọmọ náà níhìn-ín nítorí pé ọmọ ẹni ẹlẹ́ni ni wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ní ìhun kan náà ni a fi rọ́pò wọn, kí àlàyé má baà yẹ̀.

Orúkọ àdúgbò náà gan-an kò ṣe àjèjì sí etí Yorùbá. ‘Ẹ wá wò’ ni Faransé ń wí níbẹ̀, gbólóhùn àṣẹ tí a sọ di orúkọ. Àwa tí a ń sọ ọmọ ní Málọmọ́ àti Dúrójayé mọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Libreville fúnra rẹ̀ túmọ̀ sí ìlú òmìnira. Àwọn ẹrú tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí ọkọ̀ ojú omi Elizia ni wọ́n tẹ̀ dó síbẹ̀ ní 1849, bí wọ́n ti tẹ àwọn ènìyàn tiwa dó sí Freetown ṣáájú ìgbà náà. Ìyàtọ̀ kan wà. Ní Freetown, Yorùbá pọ̀ débi pé wọ́n di ẹgbẹ́ kan tí a mọ̀ sí Akú, orúkọ ọmọ sì lè rí ẹni tí yóò gbọ́ ọ ní òpópónà. Ní Libreville, ìwọ̀nba ilé díẹ̀ ni ọmọ Yorùbá lè rí tí yóò gbọ́ ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ jẹ́ àwùjọ èdè fún un. Bí orúkọ rẹ̀ kò bá bá tiwọn sọ̀rọ̀, ó lè má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Àkọ́bí ọ̀rẹ́ wa, Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí. Ọlájídé ni orúkọ rẹ̀. Èkejì, Kútọnu ni wọ́n bí i sí, kí wọ́n tó kó lọ sí Gàbọ̀n, Ọlátúnjí ni. Ọkùnrin ni àwọn méjèèjì. Ohun tí bàbá wọn fẹ́ kò ṣòro í lóye: kí orúkọ ọmọbìnrin náà ní Ọlá níwájú, kí ó sì ní ìró tí yóò bá ‘jí’ inú orúkọ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mu bí ó bá ṣeé ṣe. Ó fi mẹ́rin ránṣẹ́ sí wa: Ọlájùmọ̀kẹ́, Ọláwùmí, Ọlátòkunbọ̀, Ọlábísí. Ìyá ọmọ fi ẹyọ kan ṣoṣo ránṣẹ́: Rẹ̀mílẹ́kún. Nígbà tí a bi í léèrè ìdí rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ wa tó sọ ohun tí kò sọ ní ọjọ́ kìíní. Lẹ́yìn Ọlátúnjí, wọ́n bí ọmọbìnrin kan ní Libreville. Kò pé ọdún kan tí ó fi kú.

Ibi tí ìbéèrè náà ti yí padà nìyí. A rò pé ẹ̀gbọ́n méjì ni ọmọ tuntun ní. Mẹ́ta ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí fi sílẹ̀ fún wa. Johnson, tí ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní 1921, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, nípa akitiyan àbúrò rẹ̀ Obadiah, ni ó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀: orúkọ àmútọ̀runwá, orúkọ àbísọ, oríkì. Ó sọ fún wa pé ọjọ́ kẹsàn-án ni a ń sọ ọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ keje ni ti obìnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì, àṣà tí ọjọ́ kẹjọ ti gbé mì báyìí fún gbogbo ọmọ. Modupẹ Oduyọye gbé ìhun orúkọ yẹ̀ wò nínú ìwé tí ó tẹ̀ ní 1972. Adébóyè Babalọlá àti Olúgbóyèga Àlàbá gbé atúmọ̀-orúkọ jáde ní 2003, iṣẹ́ ńlá tí kò sí olùkọ́ èdè Yorùbá tí kò yẹ kí ó ní i lórí tábìlì rẹ̀. Láti 2015 ni Kọ́lá Túbọ̀sún sì ti bẹ̀rẹ̀ èyí tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè fi orúkọ kún orúkọ. A kò bu àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí kù. Inú wọn ni a ti jẹun. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló mú orúkọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí ènìyàn bá tú ìlẹ̀kẹ̀ ká kí ó lè ka iye rẹ̀.

Àwọn atúmọ̀ ni ó jẹ̀bi èyí jù, nítorí pé álífábẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ẹ gbé àwọn ọmọ tí ìyá kan náà bí tẹ̀ léra wọn yẹ̀ wò: Táíwò, Kẹ́hìndé, Ìdòwú, Àlàbá. Bí wọ́n ṣe jáde sáyé nìyẹn. Ẹ wá tò wọ́n bí ìwé atúmọ̀ yóò ti tò wọ́n: Àlàbá, Ìdòwú, Kẹ́hìndé, Táíwò. Álífábẹ́ẹ̀tì yí ilé náà po pátápátá. Àbúrò ló wá ṣíwájú ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń fi hàn kì í ṣe ẹ̀rín. Orúkọ Ìdòwú kò ní ìtumọ̀ kan tí a lè kọ sílẹ̀ láìdárúkọ ìbejì. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ọmọbìnrin tí a bí tẹ̀ lé ìbejì kò sì ní kí òbí rẹ̀ yan èyí tí ó wù wọ́n ní ti orúkọ yìí: àwọn tí ó ti wà nílé ni wọ́n ti yàn án.

Ìlànà yìí kò mọ sórí àmútọ̀runwá. Nínú orúkọ àbísọ, àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti wẹ̀yìn. ‘Tún’ jẹ́ ọ̀kan: Ọlátúnjí, Adétúnjí, Babatúndé, Ọlátúnbọ̀sún. ‘Sí’ jẹ́ ọ̀kan: Ọlábísí, Adébísí. ‘Kún’ náà wà níbẹ̀: Adékúnlé, Ọlákúnlé. Kò sí ẹni tí í tún ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí ṣe, a kì í sì í bù sí orí òfìfo. Nítorí náà, Ọlátúnjí ń tọ́ka sí nǹkan tí ó ti ṣáájú rẹ̀. Ó lè jẹ́ ọlá bàbá àgbà tí ó kú tí ó sì dà bí ẹni pé ọlá ilé náà ti sùn. Ṣùgbọ́n nínú ilé ọ̀rẹ́ wa, Ọlájídé ni ó ń tọ́ka sí. Ọlá jí, ó dé. Ọlá tún jí. Gbólóhùn méjì ni àwọn ọmọkùnrin méjèèjì, èkejì sì ń tẹ̀ lé èkíní bí ìpín ọ̀rọ̀ ṣe ń tẹ̀ lé ìpín ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá ka Ọlátúnjí nìkan nínú atúmọ̀ ti ka ìdajì.

Ní ti èyí, ohun tí bàbá náà pè ní ‘bá mu’ àti ohun tí a ń pè bẹ́ẹ̀ kò jọra. Etí ni tirẹ̀, ìtàn ni tiwa. A kò fẹ́ kẹ́gàn etí. Ìró tí ó jọ ara wọn dùn, àwọn onílù àti akéwì wa kò sì fìgbà kan ṣàìmọ̀ ọ́n lò. Ṣùgbọ́n àṣà kan ti gbòde lónìí, tí òbí ń yan lẹ́tà kan, tí gbogbo ọmọ inú ilé yóò fi bẹ̀rẹ̀: Tolúwalàṣẹ, Tolúwanimí, Tèmítọ́pẹ́. Lójú ìwé ìpè sí ìsọmọlórúkọ, wọ́n tẹ́ lọ rẹrẹ. Ẹ wá bi wọ́n pé ta ni ó tẹ̀ lé ta, kí ni ó ṣẹlẹ̀ láàrin èkíní àti èkejì, ohun tí wọn yóò fi dáhùn kò sí. A lè pààrọ̀ ipò wọn láìjẹ́ pé ohunkóhun bàjẹ́. Ẹ gbìyànjú láti pààrọ̀ ipò Ọlájídé àti Ọlátúnjí.

Àṣà kí ilé máa ṣe orúkọ ọmọ ní àṣọ ẹbí kan náà kò kúkú bẹ̀rẹ̀ lónìí. Henry, Nathaniel, Samuel àti Obadiah ni orúkọ àwọn ọmọ Johnson mẹ́rin tí a mọ̀ jù; ẹni tí ó kọ́kọ́ to orúkọ Yorùbá sí ìsọ̀rí fún wa, orúkọ inú Bíbélì ni òun àti Obadiah tí ó bá a tẹ̀wé ń jẹ́. Nínú ilé Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, tí òun fúnra rẹ̀ kò fìgbà kan sọ Àjàyí nù, Samuel, Josiah, Abigail àti Susan wà nínú àwọn ọmọ. Dandeson, àbúrò wọn, orúkọ Dandeson Coates tí ó jẹ́ akọ̀wé àgbà àwọn CMS ni wọ́n fún un. Ìdílé tí ó ń wo Bíbélì àti ọ́fíìsì ìjọ kí ó tó sọ ọmọ lórúkọ ni. Nígbà tí David Brown Vincent yí orúkọ padà sí Mójọlá Àgbẹ̀bí ní 1894, ohun tí ó ṣe ni pé ó yí ilé tí ó ń wò padà. Ní Gàbọ̀n fúnra rẹ̀, ẹni tí ó jẹ́ ààrẹ fún ọdún mọ́kànlélógójì, Albert-Bernard ni ó ń jẹ́, Alain-Bernard sì ni ọmọ rẹ̀; nígbà tí bàbá di Omar ní 1973, ọmọ di Ali. Ní 2003 ni Omar Bongo tún fi Ondimba, orúkọ bàbá tirẹ̀, kún orúkọ rẹ̀. Ẹni bá rò pé kìkì Yorùbá ni ó ń fi orúkọ so ẹni kan mọ́ ẹnì kejì nínú ilé, kí ó wo ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Venez-Voir, nítorí pé ohun tí ó wà níbẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan tí a dárúkọ. Orúkọ tí a bá sọ ọmọ ní Libreville yóò di ohun tí a kọ ní ìlànà Faransé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́. Ọlájídé, tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn, Olajide ni ó wà lórí ìwé ẹ̀rí ìbí rẹ̀. Ọlátúnjí, tí wọ́n kọ tirẹ̀ ní Kútọnu, Olatoundji ni. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò lè mọ̀ pé ‘ji’ inú ti ẹ̀gbọ́n àti ‘dji’ inú ti àbúrò, ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni. Bàbá tí ó fẹ́ kí ìró ‘jí’ so àwọn ọmọ rẹ̀ pọ̀ kò mọ̀ pé ìwé ti tú u kí ọmọbìnrin náà tó dé.

Ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹ̀gbọ́n. Bí olùkọ́ ní Libreville bá ka Olajide, yóò pe j rẹ̀ bí ẹni pé a sọ ṣ di akùnyùn, yóò sì gbé e ìkẹyìn mì, nítorí pé e tí kò ní àmì lórí ní ìparí ọ̀rọ̀ kì í dún ní èdè Faransé. ‘Dé’ kò ní dé. Ọlá jí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kù sọ́nà. Ní ti Ọlábísí, èyí tí ó wù wá jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí bàbá fi ránṣẹ́, s tí ó bọ́ sí àárín fáwẹ̀lì méjì yóò di z lẹ́nu wọn, àfi bí a bá kọ ọ́ ní méjì: Olabissi. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Benin ti ń ṣe é tipẹ́. Wọ́n ń fi ou kọ u, dj kọ j, ch kọ ṣ. Ọlábíyìí Yáì, onímọ̀ èdè ọmọ Sábẹ̀ẹ́ tí ó ṣe alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ UNESCO láti 2007 di 2009, Olabiyi ni ó wà lórí ìwé rẹ̀. Kọ́láwọlé Ìdjì tí ó ṣe olórí ilé aṣòfin Benin láti 2003, Kolawolé ni. Ìjọba Benin sì ti ṣe álífábẹ́ẹ̀tì kan fún àwọn èdè ìbílẹ̀ ní 1975, tí wọ́n tún ṣe ní 1990 àti 2008, nínú èyí tí a ń fi ɛ àti ɔ kọ ẹ àti ọ, tí a ń fi sh kọ ṣ, tí a sì ń fi kp kọ p tiwa. Ọ̀nà mẹ́ta ni orúkọ kan lè gbà wọ ìwé, láàrin ẹbí kan ṣoṣo.

Ta ni ó ṣe pàtàkì sí? Ó ṣe pàtàkì sí ẹni tí yóò kọjá ní bodè. Ní 1978, nígbà tí àárín ìjọba Gàbọ̀n àti ti Benin dàrú lẹ́yìn ìkọlù àwọn jagunjagun àgbàpè sí Kútọnu ní January 1977, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Benin ni wọ́n lé kúrò ní Gàbọ̀n. Àwọn tí ó dàgbà ní Libreville ṣì ń sọ ọ́. Ní ìlú tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ rí, ìyá ọlọ́mọ ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè pé bí wọ́n bá to ìwé àwọn ọmọ òun sórí tábìlì, ṣé ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn tábìlì yóò gbà pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Àwa tí a ń kọ́ni ní èdè ní yunifásítì máa ń fojú kéré ìbéèrè yìí. Kò yẹ.

Nítorí náà, a kò lè fi ìtàn nìkan yan orúkọ. Ẹ wo Rẹ̀mílẹ́kún tí ìyá mú wá. Orúkọ tí a mọ̀ fún ọmọ tí ó tẹ̀ lé ẹkún ni. Bí a bá fi Ọlá síwájú, ó bá ìlà ilé mu: ọlá jí dé, ọlá tún jí, ọlá rẹ̀ mí lẹ́kún. Láàrin ìpín kejì àti ìkẹta, ẹni tí ó bá ní etí yóò gbọ́ pé ohun kan ti ṣẹlẹ̀. Kò dárúkọ ọmọ tí ó kú, ṣùgbọ́n ó fi àyè sílẹ̀ fún un. Ọlábísí kò lè ṣe èyí.

Ìṣòro rẹ̀ wà nínú ìgékúrú. Kò sí ẹni tí yóò máa pe ọmọ ní Ọlárẹ̀mílẹ́kún láti ìlẹ̀kùn. Rẹ̀mí ni wọn yóò máa pè é, ‘Rémi’ sì ni Faransé yóò gbọ́, orúkọ ọkùnrin gbáà. Orúkọ àbísọ Yorùbá kì í sábà sọ akọ tàbí abo. Rẹ̀mí lè jẹ́ ọkùnrin, ó lè jẹ́ obìnrin, kò sì sí ẹni tí í béèrè. Ní kíláàsì ní Libreville, wọn yóò béèrè. Bàbá ọmọ kò mú èyí ní kékeré. Ó ní ọmọkùnrin méjì ni òun ti ní. Òun kò fẹ́ kí ìwé kan sọ pé wọ́n di mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ kejì jẹ́ ti àwa onígírámà, ẹ fi jì wá. ‘Rẹ̀’ tí ó wà nínú ‘rẹ̀ mí lẹ́kún’ àti ‘rẹ̀’ tí ó wà nínú ‘ó rẹ̀ mí’, ohùn ìsàlẹ̀ ni àwọn méjèèjì ní, ‘mi’ tí ó tẹ̀ lé wọn sì gòkè bákan náà, bí ó ti máa ń gòkè lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀. Ẹ fi wé Olúwakẹ́mi, níbi tí ‘mi’ ti wà ní ohùn àárín nítorí pé ohùn òkè ni ‘kẹ́’ ní. Nínú Ọlárẹ̀mí, bí a bá ti gé ‘lẹ́kún’ kúrò, kò sí ohun tí ó wà lójú ìwé tí ó sọ fún àjèjì pé ọlá ń tuni nínú ni, pé kì í ṣe pé ọlá ń múni rẹ̀. Yorùbá tí ó gbọ́ ọ mọ̀, nítorí pé ó ti gbọ́ orúkọ náà ní kíkún rí. Ìrù tí a gé ṣì ń jù lọ́kàn rẹ̀. Ọmọ tí yóò dàgbà síbi tí kò ti gbọ́ ọ ní kíkún ńkọ́?

Ìdí kẹta ni ó wúwo jù lójú wa, òun ni a sì fi kọ́kọ́ lòdì sí ìyá. Ṣé ó tọ́ kí ọmọ máa gbé ẹkún tí kì í ṣe tirẹ̀ káàkiri? Àwọn orúkọ àbíkú, Málọmọ́, Kòsọ́kọ́, Dúrójayé, ọmọ tí wọ́n gbà pé ó ń lọ tí ó ń bọ̀ gan-an ni wọ́n ń bá wí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni a ń sọ ọ́ fún. Ọmọbìnrin yìí kò lọ síbì kankan rí. A dá a lámọ̀ràn pé kí Ọlábísí wà lórí ìwé, kí a sì gbé ọ̀rọ̀ ọmọ tí ó kú lọ sínú oríkì. Oríkì ni ibi tí Yorùbá ti máa ń fi akọ àti abo hàn gbangba: Àkànní, Àjàní, Àlàó fún ọkùnrin, Àbẹ̀kẹ́, Àdùkẹ́, Àṣàkẹ́ fún obìnrin. Nínú wọn ni Àbẹ̀ní wà, ẹni tí a bẹ̀ kí a tó ní. Gbogbo ohun tí ìyá fẹ́ wí wà níbẹ̀, láìsí omi ojú. Inú wa dùn sí ọgbọ́n tí a ta yìí. Ní ti Ọlátòkunbọ̀, a ti fi tìrọ̀rùn yọ ọ́ kúrò: ọmọ tí a bí sókè òkun tí ó sì padà wálé ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, èyí kò tíì padà sílé, yàtọ̀ sí pé àwọn tí ń ta àlòkù ọkọ̀ ti ba orúkọ náà jẹ́ fún wa.

Ìyá ọmọ fetí sí wa lórí fóònù títí a fi parí. Lẹ́yìn náà ni ó fi Yorùbá Kétu bi wá ní ìbéèrè kan: ‘Bàbá, Bísí yẹn, wọ́n bí i sí mélòó?’

A kò rí èsì fọ̀. ‘Sí’ tí a ti fi gbogbo ẹnu yìn, tí a ní ó ń wẹ̀yìn, kò sọ iye tí ó rí nígbà tí ó wẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá gbọ́ Ọlábísí tí ó sì rí ọmọkùnrin méjì, yóò kà á ní ìkẹta. Orúkọ náà kò ní tàn án jẹ, kò sì ní tún un ṣe. Àwa tí a ń bú àwọn ìwé atúmọ̀ pé wọ́n ń ka ọmọ láìka ilé, a ti fẹ́ kọ ọmọ kan sílẹ̀ nínú ilé tí a ń kà. Ní ti ẹkún tí a ní ó wúwo fún ọmọ, ó ní ẹkún náà wà nílé ná. Bí kò bá sí nínú orúkọ, ibòmíràn ni ọmọ yóò ti rí i, kò sì ní mọ ohun tí ó jẹ́.

Ní ọjọ́ kẹjọ, orógbó, oyin, iyọ̀ àti omi ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ nínú yàrá wọn ní Venez-Voir. Bí ó ti yẹ, ẹni kọ̀ọ̀kan tí ó bá ní orúkọ fún un sọ owó sínú abọ́ ó sì sọ tirẹ̀. Ọlábísí wà lára wọn, Àbẹ̀ní náà wà. Ní ọ̀rọ̀ ìwé, níbi tí àyè kò ti gba gbogbo wọn, Ọlárẹ̀mílẹ́kún ni wọ́n kọ, ní kíkún, láìgé nǹkan kan kúrò. Akọ̀wé tí ó gbà á sílẹ̀ kọ Olaremilekoun, láìsí àmì kankan. Ọ̀rẹ́ wa bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi àmì sí i. Ó fi í. Olarèmilékoun ni ó jáde. Gígùn rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò ó sí ọkùnrin tàbí obìnrin. Wọ́n kàn ń béèrè ohun tí ó túmọ̀ sí ni, ìyá rẹ̀ a sì sọ fún wọn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a kò tíì yanjú, ọ̀rẹ́ wa sì tún ti pè wá nítorí rẹ̀. Ọlájídé, tí ó ti ń kọ́ ìwé kíkọ, rí ìwé àbúrò rẹ̀ lórí tábìlì, ó bèèrè ohun tí àwọn àmì kéékèèké náà ń ṣe lórí e, wọ́n sì ṣàlàyé fún un. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń fi ọ̀kan sórí e tí ó parí orúkọ tirẹ̀ nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí pe ‘dé’. Ṣùgbọ́n kò sí àmì lórí ìwé ẹ̀rí ìbí tí ó ti Ìbàdàn wá, kò sí lórí páásípọ́ọ̀tù, bàbá rẹ̀ sì fẹ́ mọ̀ bóyá kí òun dá a lẹ́kun.